Kí Lẹ Ń Kà Lọ́wọ́?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Ní oṣù tó kọjá, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìbàdàn, ọkùnrin kan tó wọ agbádá olówó ńlá jókòó tì mí. Nígbà tó gbọ́ pé ìwé ìròyìn ni mò ń kọ̀wé fún, ó ní, "Màdáámù, ìwé wo lẹ ń kà lọ́wọ́?" Ẹnu mi kò tilẹ̀ kọ́. Mo dárúkọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì ńlá kan fún un, irú èyí tó ń gba ẹ̀bùn nílùú òyìnbó. Ó mi orí, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Bẹ́ẹ̀, láti ọdún tó kọjá ni mo ti pa ìwé náà dé ní ojú ìwé kejìlá. Èyí tí mò ń kà gan-an wà nínú báàgì mi: Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, àti ògbólógbòó Atọ́ka kan tí èèpo iwájú rẹ̀ ti ya dànù.

Kí ló dé tí mo fi parọ́? Ojú ló tì mí, òun náà ni. Obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tó ń fi ìwé kíkọ jẹun, kó wá máa ka ìtàn olè àti ọlọ́pàá, kó tún máa wo ìwé alááwòrán! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, irọ́ náà kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Mo ní kí n kúkú sọ ohun tí mò ń kà síbí, kí n sì sọ bó ṣe rí lẹ́nu mi.

Ẹ jẹ́ ká ti orí Atọ́ka bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ yà o, fọ́tò ni. Àwọn eléré orí ìtàgé, irú ẹgbẹ́ Dúró Ládiípọ̀ àti Ọyin Adéjọbí, ni wọ́n ń yà ní fọ́tò bí wọ́n ṣe ń ṣeré, wọ́n á wá kọ ọ̀rọ̀ tí kálukú ń sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Bíríkìlà ni bàbá mi, kò kọjá ìwé mẹ́fà. Bíbélì nìkan ló ń kà níṣojú àlejò. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni Atọ́ka rẹ̀ ń gbé, nínú àpótí kan tó ti fìgbà kan kó ìṣó sí. Ní àwọn ọdún 1980, tó bá ti jẹun alẹ́ tán, á fa àpótí yọ, á gbé àtùpà súnmọ́ ọn, á máa fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ á máa mì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo fi mọ ìwé Yorùbá í kà. Kì í ṣe tíṣà kankan ló kọ́ mi.

Ní báyìí tí mo tún ń kà á, ojú àgbà ni mo fi ń wò ó. Fọ́tò mìíràn dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọ̀daràn inú rẹ̀ kò lè gbèrò ibi láìranjú. Bó ṣe yọ sí wa báyìí la ti mọ̀ pé òun ni. Ìtàn náà ń sáré níbi tó yẹ kó rọra, ó sì ń falẹ̀ níbi tí a ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn! Ìyá ọkọ inú Atọ́ka kì í sọ̀rọ̀ bí ìwé, bí ìyá ọkọ ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá ń pòwe, ẹnì kan wà tó ń fi gún lára. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ tí n kò rí èyí níbẹ̀.

Tíṣà wa kan ní sẹ́kọ́ńdìrì gba Atọ́ka lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, ó ya á sí méjì níwájú kíláàsì. Ó ní ìwé ọ̀lẹ ni, pé Fágúnwà ni ká lọ kà. Mo lọ kà á. Ta ni yóò sọ pé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938, kì í ṣe ìwé ńlá? Kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n tíṣà ni Fágúnwà náà, kò sì jẹ́ ká gbàgbé. Ìjà á le dé góńgó, iwin á ti ya ẹnu, kí o tó mọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wá nímọ̀ràn. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, mo máa ń fo ìmọ̀ràn yẹn láti lọ bá iwin. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo ṣì ń fò ó.

Òkédìjí ló gbà mí. Ọdún 1969 ni Àjà Ló Lẹrù jáde. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ló gbógun ti àwọn olè, òun àti Tàfá Ìgìrìpá. Tí wọ́n bá ní kí n sọ ìtàn náà ní ṣókí, kò pọ̀: wọ́n sá, wọ́n lé wọn. Ibi tí adùn wà ni ẹnu àwọn ènìyàn náà. Wọn kì í fi òwe kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Wọ́n ń fi í yẹ̀yẹ́ ara wọn, wọ́n ń fi í ra àkókò nígbà tí ọ̀ràn bá ká wọn mọ́. Ìpáǹle á máa sọ̀rọ̀ dídùn bí ẹni ire, o ò ní mọ ìgbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Èyí gan-an ló ń dẹ́rù bà mí nínú ìwé náà. Òkédìjí kò dúró sí àárín ọ̀nà kó wí fún wa pé, "Ẹ ṣọ́ra fún irú ẹni báyìí." Ó fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú wọn. Àléébù rẹ̀ ni pé nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ á dùn mọ́ ọn lẹ́nu títí ìtàn á fi dúró máa wò ó. Ayé ọkùnrin sì ni ayé ìwé náà. Síbẹ̀, bí mo bá parí rẹ̀, Àgbàlagbà Akàn (1971) ló kàn.

Kọ́lá Akínlàdé ńkọ́, tí òun náà kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́? Mo ka Owó Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ (1976). Ó mọ́ tónítóní bí ìṣirò. Mo rí ìdáhùn, n kò rántí ohùn ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rín tí mò ń rín sí Tàfá ló pe ọmọ mi obìnrin wá. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. "Mọ́mì, kí lẹ ń kà tó ń pa yín lẹ́rìn-ín?" N kò lè parọ́ fún un. Mo bi òun náà léèrè ohun tó ń wò lójú fóònù láti òwúrọ̀. Ó ní Naruto ni, ìwé alááwòrán ará Japan tí Masashi Kishimoto bẹ̀rẹ̀ ní 1999, tó sì parí ní 2014. La bá ṣe àdéhùn: kí n ka tirẹ̀, kó ka tèmi.

Òdì ni mo kọ́kọ́ kà á. Ṣé ẹ rí i, apá ọ̀tún ni àwọn ará Japan ti ń bẹ̀rẹ̀! Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ òrukàn ni Naruto. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ onírù mẹ́sàn-án ni wọ́n sé mọ́ inú rẹ̀, gbogbo ìlú ń sá fún un, òun sì ní olórí ìlú lòun máa jẹ. Ìjà inú rẹ̀ gùn jù, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ mi, inú bí i. Ṣùgbọ́n ní orí kìíní, ibi tí tíṣà rẹ̀, Iruka, ti fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ gba ohun ìjà nítorí ọmọ tí gbogbo ayé kórìíra, mo gbé fóònù náà sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Mo rántí tíṣà tèmi.

Ó wá kan òun. Àjà Ló Lẹrù le fún un. Ojú ìwé méjì péré, ó ní orí ń fọ́ òun. Mo bá gbé Atọ́ka fún un. Àmì orí ọ̀rọ̀ kò pé nínú ẹ̀dà yẹn, mo sì rò pé á sú u. Ó dé ibi tí wọ́n ti kọ "ọkọ", ó pè é ní ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Kó tó di pé mo la ẹnu, ó wo fọ́tò, ó rí obìnrin tó kúnlẹ̀ síwájú ọkùnrin kan, ó ní, "Áà, ọkọ rẹ̀ ni!" Ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ló kà á tán. Ọmọ tí wọ́n ń lù bí ẹ̀gúsí nítorí Yorùbá nílé ìwé.

"Mọ́mì, apá tó kù dà?"

Kò sí. Ẹ̀dà kan ṣoṣo yẹn ló ṣẹ́ kù nínú àpótí nígbà tí bàbá mi kú, n kò sì mọ orúkọ eré náà títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní kékeré, mo ti bi bàbá mi ní ìbéèrè kan náà, ó sì parí ìtàn náà fún mi: ìyàwó padà sílé bàbá rẹ̀, ó ṣòwò aṣọ, ó là, ọkọ wá bẹ̀bẹ̀ títí, kò gbà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ mi. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Bàbá àgbà kan gbé e kalẹ̀ fúnra wọn ni. Ẹ wo ojú obìnrin yìí, á gbà."

A ṣì ń jiyàn rẹ̀. Lánàá mo bá Àjà Ló Lẹrù ní yàrá rẹ̀, ó ti ká etí ojú ìwé kọkànlélógún mọ́lẹ̀, ó sì ní kí n sọ fún òun bóyá Tàfá máa kú. N kò dá a lóhùn.