Onílé àti Àlejò nínú Kóńsáàtì Ọdún: Ìlú Jos, Ayọ̀ Bánkólé àti Ohùn Èdè

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí bá kóńsáàtì ọdún Kérésìmesì mu. Kóńsáàtì ọdún níhìn-ín dúró fún ètò orin tí ọkẹ́sítírà, ìyẹn agbo àwọn onífayolíìnì, onífèrè, onídùùrù àti onílù, máa ń ṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin ní ìparí ọdún, tí wọn yóò sì ránṣẹ́ pe àwọn akọrin àdákọ àti àwọn òṣèré mìíràn láti ìta wá bá wọn kópa. Lámèyítọ́ tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí irú ètò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ka iye àwọn akọrin, yóò yin adarí orin, yóò dárúkọ àlejò tí ohùn rẹ̀ dùn jù, yóò sì dákẹ́. Ìyẹn kò tó. Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú gbogbo ìwọ̀nyí: nínú orin tí wọ́n kọ, ta ni onílé, ta sì ni àlejò?

Èrò iṣẹ́ yìí ni pé ohùn èdè ni ó lè dá ìbéèrè náà lóhùn. Níbi tí èdè àwọn olùgbọ́ bá ti ń fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí orin tí a kò ṣe fún un, èdè náà ti di àlejò nínú ilé ara rẹ̀, bí ó ti wù kí àwọn òṣèré mọ iṣẹ́ wọn tó. Ìlú Jos ni iṣẹ́ yìí fi ṣe àpẹẹrẹ nítorí ìdí méjì. Àkọ́kọ́ ni pé ìlú náà kún fún oríṣiríṣi èdè. Èkejì ni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí Ayọ̀ Bánkólé sí, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ yìí nínú orin kíkọ sílẹ̀.

Jos àti àwọn tí ó tẹ̀dó síbẹ̀

Àwọn Berom, Anaguta àti Afizere ti ń gbé lórí ilẹ̀ òkè náà kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Iṣẹ́ ìwakùsà tánganran, irin tí wọ́n ń lò fún agolo, ni ó sọ Jos di ìlú ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní 1914, ọkọ̀ ojú irin kékeré ti ń rìn láti Zaria dé Bukuru; ní 1927, ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Port Harcourt náà dé Jos. Hausa, Ìgbò, Yorùbá, Urhobo àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tẹ̀ lé ojú irin lọ síbẹ̀. Àwọn Yorùbá tí ó wà láàárín wọn lọ ṣe iṣẹ́ akọ̀wé, iṣẹ́ réluwé àti òwò, wọ́n sì gbé ẹ̀sìn àti ìwé orin wọn dání.

Láàárín irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni Theophilus Abíọ́dún Bánkólé wà, ẹni tí ó ń tẹ dùùrù tí ó sì ń darí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Luke's ti ìjọ Áńgílíkà ní Jos. Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún 1935 ni ó bí Ayọ̀. Ní 1941, wọ́n mú ọmọ náà lọ sí Èkó, sí ọ̀dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀. Àwọn ọdún tí ó lò ní Jos kò pọ̀, ṣùgbọ́n inú ilé onídùùrù, ní ìlú tí èdè púpọ̀ ti pàdé, ni etí rẹ̀ ti kọ́kọ́ là.

Ọ̀rọ̀ onílé àti àlejò kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní Jos. Òun ni ó wà nídìí ọ̀pọ̀ rògbòdìyàn tí ó ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, pàápàá jù lọ ti oṣù Kẹsàn-án 2001 àti ti 2008. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 2010, ní alẹ́ tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́ Kérésìmesì, bọ́ǹbù bú gbàmù ní ìlú náà, ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ènìyàn bá péjọ ní Jos nínú oṣù Kejìlá láti gbọ́ orin tí ó ń kéde àlàáfíà, ohun tí wọ́n péjọ lé lórí ju fàájì lọ. Ó tọ́ kí lámèyítọ́ béèrè bóyá wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yékéyéké.

Àlejò tí ó di onílé: Mèsáyà ti Handel

Iṣẹ́ tí ó gbajúmọ̀ jù nínú kóńsáàtì Kérésìmesì ní Nàìjíríà, àti ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, ni Mèsáyà. Ọmọ Jámánì ni George Frideric Handel tí ó kọ ọ́. Halle ni wọ́n bí i sí ní 1685, London ni ó sì fi ṣe ibùgbé. Ní 1741 ni ó kọ iṣẹ́ náà láàárín ọjọ́ 24. Dublin, ní ilẹ̀ Ireland, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é fún gbogbo ènìyàn, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin 1742. Àwọn akọrin kàtídírà méjì tí ó wà ní ìlú náà ni wọ́n yá wá. Owó tí ó wọlé lọ sí ilé ìwòsàn méjì àti fún ìtúsílẹ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ó jẹ gbèsè. Ẹlẹ́wọ̀n 142 ni ó gba òmìnira.

Ẹ̀kọ́ méjì wà nínú ìtàn yìí. Èkíní ni pé àsìkò Àjíǹde ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe Mèsáyà. Ìlò ni ó sọ ọ́ di orin Kérésìmesì. Bí ìlò bá lè gba iṣẹ́ kan wọlé, ó lè gba òmíràn wọlé pẹ̀lú. Kò sí òfin tí ó ní ètò ọdún gbọ́dọ̀ rí bákan náà títí ayé.

Ẹ̀kọ́ kejì jinlẹ̀ ju èyí lọ. Nínú ègbè tí ó kéde ìbí ọmọ náà, Handel lo orin tí ó ti kọ tẹ́lẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ní èdè Ítálì. Nígbà tí ó fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò rẹ̀, ìtẹnumọ́ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ kékeré tí ó ṣáájú gbólóhùn náà, ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì kì í tẹnu mọ́. Ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ti tọ́ka sí i. Bí ọ̀gá bíi Handel bá lè mú kí Gẹ̀ẹ́sì tiro nítorí pé orin ti wà kí ọ̀rọ̀ tó dé, kí ni kí ènìyàn máa retí nígbà tí èdè olóhùn bá wọ inú orin náà?

Ohùn èdè nínú orin

Ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní: ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò yàtọ̀ sí ti fáwẹ́lì àti kọ́ńsónáǹtì, nítorí àwọn náà ni ó ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà ‘ogún’, ohun tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ. Sílébù kejì rẹ̀ ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí orin bá gbé sílébù méjèèjì sí ojú kan náà, ogún ti di ogun. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kí ènìyàn jogún ilẹ̀ àti kí ó jagun nítorí ilẹ̀ kò ju ohùn kan ṣoṣo lọ. Bákan náà ni ‘àlàáfíà’ bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó gòkè, ó sì tún sọ̀ kalẹ̀ ní ìparí. Orin tí ó bá bẹ̀rẹ̀ lókè tí ó wá ń yọ̀ bọ̀ nílẹ̀ ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ kí akọrin tó parí rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé àròjù ni èyí. Wọn yóò ní àwọn olùgbọ́ ti mọ orin wọ̀nyí láti kékeré, pé kò sí ẹni tí ó ń ṣi ìtumọ̀ wọn gbọ́. Òótọ́ wà nínú àwíjàre yìí. Ìfẹ́ tí ìjọ ní sí orin ìwé ìsìn wọn kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí lámèyítọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ẹni tí ó ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ń lo ìrántí ni. Ọmọdé àti àlejò tí wọ́n ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní ìrántí kankan tí wọn yóò lò. Kóńsáàtì ọdún sì ni ibi tí irú àwọn olùgbọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń pọ̀ sí jù.

Ojútùú láti Èkó

Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ dojú kọ ìṣòro yìí tọkàntọkàn. T. K. E. Phillips kọ́ iṣẹ́ orin ní Trinity College of Music ní London láti 1911 sí 1914. Láti 1914 títí di 1962 ni ó fi jẹ́ ọ̀gá orin ní Kàtídírà Kírísítì ní Marina. Ìwé tí ó tẹ̀ jáde lórí orin Yorùbá ní 1953 fi ìsopọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu àti orin ṣe kókó. Abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé ti jẹ́ ọmọ akọrin. Abẹ́ rẹ̀ náà ni Bánkólé ti kọrin nígbà tí ó ń lọ sí Baptist Academy.

Ṣówándé gba ojú ọ̀nà ohun èlò. Ní 1944, ó kọ ‘African Suite’ fún àwọn ohun èlò olókùn ní London. Apá márùn-ún ni iṣẹ́ náà ní. Orin Ephraim Amu, ọmọ ilẹ̀ Ghana, ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ apá méjì nínú rẹ̀. ‘Akinla’, tí ó parí rẹ̀, sì ní ìró háíláìfù. Ọmọ Yorùbá ni ó kọ ọ́ ní ìlú òyìnbó, ó gba ọmọ Ghana lálejò, kò sì sí ẹni tí ó sọ ara rẹ̀ nù. Iṣẹ́ yìí yẹ kóńsáàtì ọdún púpọ̀, nítorí pé agbo olókùn kékeré lè ṣe é. Ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu, nítorí náà kò dé ojú ibi tí ìṣòro ohùn wà.

Bánkólé ni ó wọ ibẹ̀. Ó kàwé ní Guildhall ní London láti 1957, lẹ́yìn náà ní Clare College, Cambridge, kí ó tó lọ sí Yunifásítì California ní Los Angeles ní 1964. Ó padà sílé ní 1966, ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó ní 1969, níbi tí ó wà títí tí ó fi kú ní 1976. Nínú àwọn orin Yorùbá mẹ́ta tí ó kọ fún akọrin àdákọ àti dùùrù ní 1959, ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣáájú, orin ń tẹ̀ lé e. Nínú ‘Ọ̀nà Ara’ ti 1970 àti kàntátà tí ó sọ ní FESTAC ní 1974, ó kó akọrin, dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì àti ìlú ìbílẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ òyìnbó tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rán níṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ọmọ ni ó jẹ́ iṣẹ́ náà.

Kì í ṣe pé ọ̀nà náà tẹ́jú. Bí akọrin bá pín sí ohùn mẹ́rin, tí ọ̀kan ń gòkè tí èkejì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ẹyọ kan nínú wọn ni yóò sọ òótọ́. Fíúgù, orin tí ohùn kan ń dá tí òmíràn ń gbà lẹ́yìn rẹ̀, ṣeé ṣe ní Yorùbá bí ẹni tí ó gbà á bá pa ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bí ó bá dà á délẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà Yúróòpù, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. Lílé àti ègbè, tàbí kí gbogbo ohùn jọ máa rìn sí apá kan náà, ni ó rọrùn jù. Ẹni tí ó bá yan ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ gbà láti pàdánù díẹ̀ nínú ọrọ̀ orin Handel.

Ìdánwò fún kóńsáàtì ní Jos

Báwo ni èyí ṣe kan Jos? Yorùbá kò lè pe ara rẹ̀ ní onílé níbẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé Hausa, Ìgbò àti Berom náà jẹ́ èdè olóhùn. Ohun tí ó ń bá ‘ogún’ jẹ́ nínú orin Yorùbá lè ba ọ̀rọ̀ tiwọn náà jẹ́. Ogún tí Bánkólé fi sílẹ̀ fún ìlú tí wọ́n bí i sí ju orin Yorùbá lọ. Ìlànà tí ẹnikẹ́ni lè fi èdè tirẹ̀ ṣe ni.

Ìlù náà wà níbẹ̀ fún ìdánwò. Ó wọ́pọ̀ kí ọkẹ́sítírà pe onígángan kí ó wá lu ìlù ní ìparí ètò, kí àwọn ènìyàn lè jó. Bí gángan bá kàn ń bá wọn ka ìlù lásán, tí kò sọ ọ̀rọ̀ kankan, odi ni wọ́n pè wá sí àsè. Ó tún yẹ kí adarí rántí ojú ọjọ́. Jos ga ju mítà 1,200 lọ sí ìtẹ́jú òkun, ọyẹ́ oṣù Kejìlá sì máa ń gbẹ níbẹ̀ gan-an. Awọ ìlù yóò le, ohùn rẹ̀ yóò ga; igi fayolíìnì yóò súnkì, okùn rẹ̀ yóò máa dẹ̀; dùùrù alábánáńtẹ̀ kò ní yẹsẹ̀. Ta ni yóò yí ohùn padà nítorí ta? Adarí tí ó bá ní kí onílù àti onífayolíìnì jọ jókòó tún ohun èlò wọn ṣe kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ ti dáhùn apá kan nínú ìbéèrè iṣẹ́ yìí.

Àgbálọgbábọ̀

Kò sí ohun tí ó burú nínú pípe àlejò wá sí kóńsáàtì ọdún. Handel fúnra rẹ̀ jẹ́ àlejò ní London àti ní Dublin. Kò sì sí ìdí tí wọn yóò fi lé Mèsáyà kúrò nínú ètò. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tí a ṣe é fún, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún orin tí a ṣe fún ohùn àwọn tí ó jókòó níwájú wọn. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí lámèyítọ́ wò: ṣé ọ̀rọ̀ dé etí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí? Ṣé ìlù sọ̀rọ̀? Ṣé ẹni tí wọ́n pè wá àti ẹni tí ó pè é jọ fi nǹkan sílẹ̀ fún ara wọn? Ní ìlú tí ọ̀rọ̀ onílé àti àlejò ti gba ẹ̀mí, kóńsáàtì tí ó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣe ju orin lọ. Ọmọ onídùùrù St. Luke's ti fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn. Ó kù sí ọwọ́ àwọn tí ó ń ṣètò orin ọdún.