Ìpè Kejì Ló Ń Yà ní Oríta

Ọkọ̀ tó bá gbéra ní Ìlọrin, tó ń bọ̀ lọ́nà ọ̀dọ̀ wa, kò sí ẹni tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà tó lè sọ ibi tó ń lọ. Ó lè jẹ́ Ọ̀fà, ó lè jẹ́ Òmù-Àrán. Ìgbà tó bá dé oríta Àjàṣẹ́-Ìpo, tó sì yà, la tó mọ̀. Mo fẹ́ fi oríta yìí yẹ ohun kan wò nínú eré káàdì tí wọ́n ń pè ní bridge, nítorí àwọn ìwé tó ń kọ́ni ní eré náà a máa to nọ́ńbà rẹ̀ bí ẹni ń ka ìsọdipúpọ̀, wọn kì í sì í sọ ìdí rẹ̀ tó. Ohun náà ni ìpè kejì ẹni tó kọ́kọ́ lanu, nígbà tí káàdì ọwọ́ rẹ̀ bá dọ́gba.

Kí ẹ̀yin òbí wa tó sọ pé tẹ́tẹ́ ni: níbi ìdíje bridge, owó kì í sí lórí tábìlì. Káàdì kan náà ni wọ́n ń gbé láti tábìlì dé tábìlì, kí ẹni tó borí lè jẹ́ ẹni tó ronú ju àwọn mìíràn tó gba irú káàdì bẹ́ẹ̀ lọ.

Èèyàn mẹ́rin ló ń ta á, méjì sí méjì. Harold Vanderbilt, ará Amẹ́ríkà, ló tún òfin rẹ̀ ṣe ní 1925 di irú èyí tí a ń ta lónìí. Káàdì 52 ni, ẹnìkọ̀ọ̀kan yóò gba 13. N kò rí tìrẹ, ìwọ náà kò rí tèmi, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ kan náà ni wá. Nínú ayò, ọmọ 48 ló wà ní gbangba nínú ihò 12, ojú gbogbo wa ló tó o. Nínú bridge, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ojú tí a fi ń ríran, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò sì pọ̀: nọ́ńbà láti 1 dé 7, pẹ̀lú orúkọ ẹ̀yà káàdì kan, club, diamond, heart tàbí spade, àbí notrump, níbi tí ẹ̀yà kankan kò ti ní jẹ́ ọ̀gá lórí ìyókù.

Ó jọ àrokò. Ẹni tó fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á ti gbọ́ “fà” nínú ẹẹ́fà, ó mọ̀ pé ọkàn ẹni náà ń fà sí òun. Ìyàtọ̀ kan wà tí mo fẹ́ràn: òfin bridge kò gba àrokò ìkọ̀kọ̀. Bí alátakò bá béèrè ìtumọ̀ ìpè, dandan ni kí wọ́n sọ ọ́ fún un.

Bí a ṣe ń díwọ̀n ọwọ́ ni pé ace gba máàkì 4, ọba 3, ayaba 2, jack 1. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 40. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ní 25 pọ̀, ó yẹ kí ẹ gbìyànjú notrump mẹ́ta, ìyẹn ni pé kí ẹ borí nínú ìgbà 9 nínú 13 tí a ó ju káàdì sílẹ̀. Ọwọ́ tó dọ́gba ni èyí tí kò ní ẹ̀yà tó gùn jù tàbí tó kúrú jù: 4-3-3-3, 4-4-3-2, tàbí 5-3-3-2.

Nínú ètò Amẹ́ríkà, ẹni tó ní 15 sí 17 ló ń fi notrump kan ṣí ìpè. Ẹni tó ní 12 sí 14 kò gbọ́dọ̀ pè é; yóò kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀yà kan, ká ní diamond kan. Ọkọ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà Ìlọrin nìyẹn. Ẹnìkejì rẹ̀ dáhùn pé heart kan. Ìgbà yìí ló wá yà: notrump kan. Ọ̀rọ̀ kan yìí sọ nǹkan mẹ́ta: ọwọ́ mi dọ́gba, n kò ní heart mẹ́rin, máàkì mi kò dín ní 12, kò sì ju 14 lọ.

Ẹ wo agbára tó wà nínú “kò ju” yẹn. Ẹnìkejì tó ní 8 yóò ṣírò: 8 àti 14 jẹ́ 22, kò tó, kò ní lọ síwájú. Ẹni tó ní 13 yóò pe notrump mẹ́ta láìbéèrè. Ẹni tó ní 11 yóò pe notrump méjì, bí ẹni ń sọ pé, “Bí tìrẹ bá jẹ́ 14, máa bọ̀, bó bá jẹ́ 12, jókòó.” Ẹni tó ṣí ìpè ti sọ tirẹ̀ tán, ẹnìkejì ló di awakọ̀. Ẹni tó bá wá ní 14, tí ọwọ́ rẹ̀ ń dán lójú rẹ̀, tó sì fò lọ sí notrump méjì, irọ́ ló pa, ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò sì bá a jìyà rẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yí i padà. Nínú ètò Acol, tó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù láàrin 1930 sí 1940, tí wọ́n fi orúkọ òpópónà Acol Road sọ, notrump kan àkọ́kọ́ ló jẹ́ 12 sí 14; ti ìpè kejì ló wá jẹ́ 15 sí 17. Lójú tèmi, tiwọn sàn. Ẹni tí kò ní púpọ̀ kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ. Kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó dákẹ́. Ẹni tó ní 16 lè fara da gbólóhùn méjì. Alátakò kì í sì í jókòó lásán. Bí mo bá pe diamond kan lórí 13, tí alátakò já wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú spade méjì, ọkọ̀ mi lè má dé oríta rárá. Mo mọ èsì àwọn tó fẹ́ràn ti Amẹ́ríkà: notrump kan lórí 12 lè bọ́ sọ́wọ́ alátakò tó lágbára, kí ìyà rẹ̀ sì di ìlọ́po méjì. Òótọ́ ni. Mo ṣì fẹ́ san gbèsè yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ju kí n máa gbé 13 kiri láìrí ibi sọ ọ́.

Èyí tí kò ṣeé ṣe ni kí ẹni méjì tó jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan lo ètò méjì. Apá òsì ni a ń wakọ̀ sí ní Nàìjíríà títí di 2 April 1972, kí a tó bọ́ sí apá ọ̀tún. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Awakọ̀ tó ṣì wà lápá òsì ní ọ̀nà Òmù-Àrán lọ́jọ́ kejì ni wàhálà.

Ibi tí ètò méjèèjì kò tẹ́ mi lọ́rùn ni ọwọ́ 18 sí 19. Wọ́n ní kí ẹni tó ní i fò lẹ́yìn heart kan, kó pe notrump méjì. Ìpè 6 ló fò kọjá. Ẹnìkejì tó ní heart márùn-ún, tó fẹ́ mọ̀ bóyá mẹ́ta wà lọ́dọ̀ tirẹ̀, ìpè 4 péré ló kù fún un kó tó kan notrump mẹ́ta. Ká ní notrump kan ni, 9 ni ìbá kù. Ọwọ́ tó lágbára jù ni wọ́n wá fún ní àyè ìjíròrò tó kéré jù! Ó dà bí bàbá olóhùn gooro nínú ìpàdé ẹbí: ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dára, ṣùgbọ́n ta ni yóò tún sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀? Àwọn eléré ti dọ́gbọ́n sí i, wọ́n fi club mẹ́ta ṣe ìbéèrè lásán. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àbùlẹ̀ ni.

Máàkì náà ní àlébù. Milton Work ló sọ ọ́ di mímọ̀, ìwé Charles Goren ti 1949 ló tàn án kálẹ̀, ó sì borí nítorí pé ó rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọba, jack, 10, 9 wé ọba, jack, 3, 2. Máàkì 4 ni ìwé fún méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ní notrump, 10 àti 9 yẹn lè gba iṣẹ́ tí 3 àti 2 kò lè ṣe láé. Nílé wa ní Àjàṣẹ́, níbi tí a ti ń lo Acol, a ti fẹnu kò pé 14 tó bá ní irú 10 àti 9 bẹ́ẹ̀ ti di 15. A kì í fi notrump kan ṣí i mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó kọ́ wa ní eré náà kò kọ́kọ́ gbà. Wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, 14 ni 14.” Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo 10 yẹn ná.” Wọ́n wò ó pẹ́. A ti kọ ọ́ sínú ìwé ìpè wa báyìí, kí alátakò tó bá fẹ́ mọ̀ lè kà á.