Ewì Ìdárò: Ta Ni Ó Kú?

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a fi í rín. Òwe yìí kò ní kí a gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó ń sọ ni pé, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wúwo ju ohun tí omijé lè gbé lọ, ọmọ ènìyàn a máa wá ọ̀nà mìíràn láti gbé e. Ewì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a lè gbà lọ bá ìbànújẹ́ ni a lè gbà sá fún un pẹ̀lú. Báwo ni ẹni tí ń ka ewì yóò ṣe mọ èyí tí akéwì yàn? Ìbéèrè yìí kan gbogbo àwa tí a ń gbọ́ ìdárò níbi ìsìnkú àti ìrántí, ó sì kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kọ ewì ní èdè méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ ìdárò tí à ń gbọ́ lónìí ni ó kún fún ọ̀rọ̀ ńláńlá: ikú dóró, ikú ṣèkà, erin wó, àjànàkú sùn bí òkè. Akéwì a ké, àwùjọ a mi orí. Ẹ mú orúkọ olóògbé kúrò níbẹ̀, kí ẹ fi orúkọ mìíràn rọ́pò rẹ̀: ewì náà kò ní yí padà. Irú èyí ni mo pè ní ewì àsálà. N kò sọ pé irọ́ ni akéwì ń pa. Ariwo rẹ̀ ni kò jẹ́ kí a rí ẹni tí ó lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo Victor Hugo, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ti bá pàdé nínú ìwé Faransé. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 1843, Léopoldine, ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà, kú sínú odò Seine ní Villequier nígbà tí ọkọ̀ ojú omi dojú dé. Ọmọ ọdún 19 ni. Kò tíì pé oṣù méje tí ó ṣe ìgbéyàwó. Ọkọ rẹ̀ bá a lọ níbi tí ó ti ń gbìyànjú láti yọ ọ́. Hugo kò sí nílé. Ìrìn-àjò ni ó wà, inú ìwé ìròyìn ni ó sì ti ka ikú ọmọ rẹ̀ ní ìlú Rochefort. Láti ìgbà náà, kò tẹ ìwé ewì tuntun jáde títí di ọdún 1853. Èyí tí ó sì jáde ní ọdún náà, Châtiments, ìwé ìbínú sí Napoléon III ni. Ọdún 1856 ni Les Contemplations, tí ìdárò ọmọ náà wà nínú rẹ̀, tó dé ọwọ́ àwọn ènìyàn. Ìbínú ti rí ẹnu sọ̀rọ̀ ṣáájú ìbànújẹ́.

Nínú ìwé yìí ni «Demain, dès l'aube» wà. Ìlà 12 péré ni. Ẹnìkan ń sọ fún ẹlòmíràn pé òun yóò gbéra ní ìdájí, òun yóò la igbó àti òkè kọjá. Ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀ lè rò pé olólùfẹ́ ni ó ń lọ bá. Kò dárúkọ ọmọ, kò dárúkọ ikú. Ìparí ni ibojì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, pẹ̀lú ewé àti òdòdó tí arìnrìn-àjò náà yóò gbé lé e. Àwọn kan lè sọ pé akéwì ń sá, nítorí pé kò fẹ́ rí ohunkóhun lójú ọ̀nà. Èrò tèmi yàtọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yà. Gbogbo ìlà ewì náà, ọ̀nà ibojì ni wọ́n ń tọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ẹni tí ó mọ ibi tí òun ń lọ ni.

«À Villequier» gùn jù ú lọ púpọ̀. Níbẹ̀, Hugo ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ó ń tẹnu mọ́ ọn pé òun gbà, òun tẹrí ba. Ọ̀rọ̀ ìtẹríba náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń fura sí i. Ibi tí akéwì ti tọrọ àyè láti sunkún ọmọ rẹ̀ ni ewì náà ti rí ẹsẹ̀ dúró. Lójú tèmi, ewì kékeré tí ń jẹ́ «Elle avait pris ce pli» borí rẹ̀. Ọmọdé kan a máa wọ yàrá bàbá rẹ̀ láràárọ̀, a mú kálàmù rẹ̀, a ṣí ìwé rẹ̀, a da tákàdá rẹ̀ rú, a sì ya àwòrán sára ohun tí bàbá ń kọ lọ́wọ́. Àwọn nǹkan kékeré wọ̀nyí kò lè jẹ́ ti ọmọ ẹlòmíràn. Níbẹ̀ ni bàbá ti kojú ọ̀fọ̀.

Ojú ewé kan tún wà nínú ìwé náà tí ó gbé ọjọ́ ikú Léopoldine lórí. Kò sí ọ̀rọ̀ lábẹ́ rẹ̀, àfi ìlà kan tí a fi àmì tóótòòtó tò. Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n Hugo. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó gbà pé ọ̀rọ̀ tán, ó ní láti jẹ́ pé ó ti dúró níwájú ohun náà, tí ó sì wò ó.

Ọmọ Yorùbá tí ń ka ewì wọ̀nyí yóò rí ohun kan tí ó ṣàjèjì. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, òkú ọ̀fọ̀ ni òkú ọ̀dọ́. A kì í fẹ́ kí òbí rí ibojì ọmọ rẹ̀. Ṣé ìbànújẹ́ ni àṣà wa ń sá fún? N kò rò bẹ́ẹ̀. Ojú òbí ni àṣà náà ń dáàbò bò. Kò di ẹnu ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo ìrèmọ̀jé. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a ṣe ìṣípà láti yà á kúrò láàrin àwọn ọdẹ tí ó wà láàyè, ìrèmọ̀jé ni wọ́n sì fi ń dárò rẹ̀. Ẹnìkan lè bi mí pé: oríkì orílẹ̀ tí wọ́n ń kì níbẹ̀ ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ti gbogbo ìdílé ni? Ṣé orúkọ ẹlòmíràn kò lè wọ ibẹ̀? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ni oríkì orílẹ̀, kì í ṣe ibùdó. Ó ń ya ohùn fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Olóhùn tí ó mọṣẹ́ a ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọdẹ tí ó kú gan-an: ẹran tí ó pa, ìwà tí ó hù láàrin ẹgbẹ́. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀, ọ̀nà àwọn baba ni ó gbà sá lọ.

Nítorí náà, a kò lè fi ariwo tàbí ìdákẹ́jẹ́ nìkan díwọ̀n ewì. Kò sì sí ẹ̀bi nínú kí akéwì sá fún ìgbà díẹ̀; ọgbẹ́ tútù kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ẹ̀bi wà nínú kí a máa yin àsálà bí ẹni pé ìgboyà ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó pe ikú ní ìkà, ẹ kọ́kọ́ sọ fún wa bí ìyá yín ti ń wé gèlè, àti orúkọ tí òun nìkan ń pè yín. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹni tí ó kú, a mọ ibi tí a tẹ́ ẹ sí. Ẹni tí ewì fi ọ̀rọ̀ ńlá bò mọ́lẹ̀, ó ti sọnù. Nígbà tí a bá tún pé jọ láti gbọ́ ìdárò, kí a tó pàtẹ́wọ́ fún akéwì, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé: ta ni ó kú?