Kámà, Ẹ̀san àti Àyànmọ́: Àkíyèsí lórí Àyálò Èrò Ìgbàgbọ́

Ọ̀rọ̀ àyálò kò ṣàjèjì sí èdè Yorùbá. A yá àdúrà àti àlàáfíà láti inú èdè Lárúbáwá, a yá ṣọ́ọ̀ṣì láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, èdè wa kò sì tìtorí rẹ̀ bàjẹ́. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni èrò ìgbàgbọ́ tí a yá láìbéèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Kámà ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Lóde òní, bí olè bá já sí kòtò, àwọn tí ń kọ èrò wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì á ní kámà ni. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní àyànmọ́ ni kámà àwa Yorùbá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa náà ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú àròkọ. Lójú tiwa, àṣìlò ni méjèèjì.

Inú èdè Sáńsíkíríìtì ti ilẹ̀ Íńdíà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. 'Ìṣe' ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìpìlẹ̀. Nínú ẹ̀sìn Híńdù, ìṣe ẹni a máa bá ẹni lọ láti ayé kan dé òmíràn. Èrò ọkàn tí a fi ṣe nǹkan ni ẹ̀kọ́ Búdà tẹnu mọ́. Àwọn ẹlẹ́sìn Jáìnì gbà pé ohun tín-ín-rín tí ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀mí ni. Síbẹ̀ ohùn wọn ṣọ̀kan lórí àtúnbí: èso ìṣe lè má hàn láyé yìí rárá. Ẹgbẹ́ Theosophical Society, tí a dá sílẹ̀ ní New York ní 1875, wà lára àwọn tí ó tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀ láàárín àwọn Òyìnbó. Nígbà tí John Lennon gbé orin rẹ̀, Instant Karma!, jáde ní 1970, kámà ti di ohun ojú-ẹsẹ̀.

Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó bá olè inú kòtò. Ẹ̀san ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀san kò bá kámà dọ́gba, nítorí àwọn àgbà ní ẹni gbin èbù ìkà, orí ọmọ rẹ̀ ni yóò hù lé. Ẹni tí ó ṣe é gan-an ni kámà ń tẹ̀ lé.

Ti àyànmọ́ tún jìnnà sí i. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tí ó jáde ní 1962, ṣàlàyé àkúnlẹ̀yàn, àkúnlẹ̀gbà àti àyànmọ́. Ọ̀run ni a ti gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ìtàn Ifá tí ó sọ nípa Afùwàpẹ́, ọmọ Ọ̀rúnmìlà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì yan orí tí kò dára nílé Àjàlá, alámọ̀ tí ń mọ orí. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà sílé baba rẹ̀, ó rúbọ, ó sì yan orí rere. Ìtàn náà kò mẹ́nu ba ìwà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn hù ní ayé kan rí.

Ẹnìkan lè ní Yorùbá náà gba àtúnwáyé gbọ́, kí ó fi orúkọ bíi Babátúndé àti Yétúndé ṣe ẹ̀rí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdílé ni baba padà sí. A kì í sọ pé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni ó wá jẹ.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi kámà wé àyànmọ́, tí ó sọ ibi tí wọ́n ti jọra àti ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, ó yẹ kí a fún un ní máàkì. Èyí tí ó bá kọ pé ohun kan náà ni wọ́n ti ṣi èrò méjì lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì yẹ kí àwa tí ń yẹ ìwé ìdánwò wò gbà á wọlé. Bíbélì Yorùbá fi orúkọ Èṣù túmọ̀ ọ̀tá Ọlọ́run. Títí di òní ni a ṣì ń tún un ṣàlàyé ní kíláàsì. Ohun tí ó dùn wá yìí, ẹ má jẹ́ kí a ṣe é sí ará Íńdíà.