Àwọn Adójútòfò Ojú Òkun

Mo bọ̀wọ̀ gidi fún ẹni tó ń darí iṣẹ́ adójútòfò ọkọ̀ ojú omi. Orí ilẹ̀ ló jókòó sí, àmọ́ kò sí ìjì tí kò kàn án. Ilé kọfí Edward Lloyd ní Lọ́ńdọ̀nù, ní nǹkan bí 1688, ni ọjà adójútòfò tí wọ́n ń pè ní Lloyd's ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí: aṣáájú àwọn adójútòfò á yẹ ọkọ̀, ọ̀gá atukọ̀, ẹrù àti ọ̀nà wò, á dá iye tí ẹlẹ́rù máa san, á sì kọ ìpín tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn yòókù á wá fọwọ́ sí i lábẹ́ rẹ̀. Ìmọ̀ ẹni àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé.

Ní oṣù Ọ̀wàrà 1799, ọkọ̀ Lutine rì ní etíkun Nẹ́dálándì tòun ti wúrà àti fàdákà. Àwọn adójútòfò Lloyd's san owó òfò náà pé. Ohun tó wú mi lórí jù nìyẹn. Agogo ọkọ̀ náà, tí wọ́n yọ nínú omi ní 1858, ṣì wà lọ́dọ̀ wọn.

Mi ò ní bo èyí mọ́lẹ̀: ọjà kan náà ló dójú tòfò àwọn ọkọ̀ tó kó ọmọ Áfíríkà lẹ́rú. Ní 2020, Lloyd's tọrọ àforíjì.