Òwe Àlejò: Ẹnu Ta Ni Wọ́n Ti Ń Jáde?

Ó ti pẹ́ tí àwa olùkọ́ Yorùbá ti ń fi òwe tí ó jẹ mọ́ àlejò kọ́ ọmọ ilé-ìwé, tí a sì ń fi wọ́n ṣe ìdánwò. A máa ń béèrè ìtumọ̀ òwe, a máa ń béèrè ìlò rẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í sábà béèrè ẹni tí ó ń pa á. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí pé ojú tí a fi ń wo àwọn òwe wọ̀nyí ni a fi ń máàkì àròkọ ọmọ tí ó bá kọ̀wé nípa ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó láìlówó, láìníṣẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú mẹ́ta yẹ̀ wò. ‘Àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.’ ‘Ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án.’ ‘Onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n ṣe òun lọ́wọ́ kan ẹ̀wà.’ Ẹnu onílé ni gbogbo wọn ti jáde. Àlàyé tí a máa ń ṣe lórí ẹ̀kẹta ni pé àlejò náà kò mòye: onílé kò rí jẹ, òun ń béèrè ohun tí ó dára jù. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èkejì, ọ̀rọ̀ yí padà. Nígbà tí àlejò wà nílé ni onílé ti ń yáwó kiri kí ìtìjú má baà bá a, kò sì sọ fún un. Ìgbà tí àlejò bá lọ ni ó tó ń san án. Báwo wá ni àlejò yóò ṣe mọ̀ pé èso gbìngbindò ni wọ́n ń jẹ? Onílé bo àìní rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì tún bú àlejò pé kò fojú ríran. N kò sọ pé onílé ṣe búburú. Ohun tí mo ń sọ ni pé òwe kan ń tú àṣírí èkejì, a kò sì fi èyí han àwọn ọmọ.

Òwe tí ó dá yàtọ̀ ni ‘Ẹni a bá lábà ni baba.’ Ẹnu ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni èyí ti jáde. Ọ̀wọ̀ fún àgbà ni a sábà máa ń fi kọ́ni, àlàyé yìí kò sì kún tó. Baba inú òwe yìí kì í ṣe baba nípa ìbí, kò sì pọn dandan kí ó dàgbà ju ẹni tí ó dé bá a lọ. Ó kàn ṣáájú rẹ̀ débẹ̀ ni. Bí Ìbàdàn ṣe di ìlú nìyẹn. Ní 1829, àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó síbẹ̀, ẹni tí ogun sì lé kúrò nílé tirẹ̀ a wọ agboolé ológun kan, a bá a jagun, a sì rí ilẹ̀ dáko. Ní Èkó bákan náà, Olówógbówó ni ọ̀pọ̀ àwọn Sàró kóra jọ sí, àwọn Àgùdà láti Brazil sì wà ní Pópó Àgùdà. Ẹni tí ó dé kẹ́yìn bá ẹni tirẹ̀ níbẹ̀. Títí di òní, orí ẹní nínú yàrá ará ìlú ẹni ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ọkùnrin ọlọ́gbọ̀n ọdún tí ó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì a máa pe ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní ọ̀gá. Abà ni ó dé yẹn.

Lítíréṣọ̀ wa kò fi bẹ́ẹ̀ ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), Àkàrà-ògùn a máa lọ, a sì máa bọ̀ wálé. Ó dùn, ó sì bá ‘Àjò kì í dùn kí onílé má relé’ mu. Àmọ́ ẹni tí ó lọ tẹ̀dó kì í ṣe ọdẹ. Bí ọmọ kan bá kọ ọ́ pé akọni òun dé Èkó, ó bá àwọn olè rìn, ojú tì í, ó padà sóko, a ó fún un ní máàkì púpọ̀ pé àròkọ rẹ̀ kọ́ni lọ́gbọ́n. Bí òmíràn bá kọ ọ́ pé akọni òun sùn sí Muṣin lọ́dọ̀ ará ilé rẹ̀, ó ń bá wọn lẹ táyà, ó ń dá àjọ ojoojúmọ́ títí owó yàrá fi pé, a ó kọ ọ́ sétí ìwé pé ‘ẹ̀kọ́ dà?’ Èmi rí i pé ọmọ kejì mọ ohun tí ó ń sọ. Ìṣirò wà nínú ìtàn tirẹ̀, ènìyàn sì wà níbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní Èkó gbọ̀lẹ, ó gbolè. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí onílé ṣe ń wí i, kí ẹ tún gbọ́ bí ẹni tí ìlú rẹ̀ lé jáde ṣe ń wí i: èébú ni lẹ́nu ti àkọ́kọ́, ọpẹ́ ni lẹ́nu èkejì. Ìbéèrè kan tí a lè fi kún ìdánwò nìyí: ‘Fi ẹnu àlejò sọ ìtàn tí ó wà nínú òwe èso gbìngbindò.’ Kí ọmọ tí ó bá dá àlejò náà láre má ṣe pàdánù máàkì kankan.