Egungun Tí A Kò Ṣí Nípò: Àyẹ̀wò Àfihàn Màmọ́ọ̀tì ní Hot Springs

Ìfáárà
Ní ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, orí irin ni wọ́n máa ń to egungun ẹranko àtijọ́ sí, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a. Ọ̀tọ̀ ni ti The Mammoth Site ní ìlú Hot Springs, ìpínlẹ̀ South Dakota, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1974, nígbà tí katakata ń tẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé sí, ni egungun màmọ́ọ̀tì, ìbátan erin tí ìran rẹ̀ ti parẹ́, yọjú. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ ilé bo ojú ibẹ̀, wọ́n sì fi èyí tó pọ̀ nínú egungun náà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti bá a.

Ìwúlò Àfihàn Náà
Ibi tí egungun wà jẹ́ apá kan ẹ̀rí. Ilẹ̀ ló rì tó di kòtò. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ láti abẹ́ ilẹ̀ sì sọ ọ́ di adágún. Ẹranko tó bá wọ ibẹ̀ kò lè gun etí rẹ̀ tó ń yọ̀ jáde. Màmọ́ọ̀tì tí wọ́n ti kà níbẹ̀ lé ní 60. Egungun ìbàdí ni wọ́n fi mọ̀ pé akọ ló pọ̀ jù, èyí tí kò tíì dàgbà tán sì pọ̀ nínú wọn. Nínú agbo erin òde òní, akọ tó bá bàlágà a máa kúrò láàárín àwọn abo. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi sọ pé akọ tó ń dá rìn ni kòtò náà mú. Egungun ni ojú rí. Ìwà ẹranko náà ni wọ́n fà yọ.

Ẹ̀kọ́ kan náà ló wà nínú ọjọ́ orí wọn. Fún ìgbà pípẹ́, nǹkan bí ọdún 26,000 ni wọ́n ń pè é; ìwádìí tuntun ti sún un sí nǹkan bí 140,000. Egungun kò kúrò lójú kan, àlàyé ló yí padà.

Kùdìẹ̀-kudiẹ
Ohun tó gbé àfihàn yìí níyì ló tún dí i lọ́wọ́. Kòtò náà jìn ju 60 ẹsẹ̀ bàtà lọ, egungun tí wọn kò sì ṣí nípò ló bo èyí tó wà nísàlẹ̀. Àlejò kò gbọdọ̀ rò pé gbogbo rẹ̀ ni òun rí.

Àgbálọgbábọ̀
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin. Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi irú àfihàn yìí kọ́ni gbọ́dọ̀ fi kún un pé ohun tí a kò rí, tí a kàn fà yọ, kí a sọ pé a fà á yọ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá há 26,000 sórí láìbéèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ̀ ọ́n yóò há 140,000 náà sórí bẹ́ẹ̀.